Iná Wo Ni Ẹ Ní Kí Bàbá Oyèníyì Yẹra Fún?

Èmi, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olóyè Abdulwaheed, alága gbogbo alága ọmọ Yorùbá ní Nìú Yọ́ọ̀kì, ni mo kọ ìwé yìí. Ẹ̀yin ọ̀gá ọsibítù, ẹ dìde dúró kí ẹ tó kà á.

Bàbá Oyèníyì ti àdúgbò Stapleton ti kú. Lẹ́tà yín ní "ìṣòro tó ṣọ̀wọ́n" ló pa wọ́n. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun tó ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ yín ni làákàyè.

Jẹjẹrẹ wà nínú àpòòtọ̀ wọn. Ẹ fún wọn lábẹ́rẹ́, ẹ wá tan ìmọ́lẹ̀ síbẹ̀ kí ó lè jó jẹjẹrẹ náà run. Ó dáa. Àmọ́ oògùn yẹn kì í tètè kúrò lára. Bí oòrùn bá kan ẹni tó gbà á, awọ ara á bó. Ẹ mọ̀. Kí lẹ wá ṣe? Ẹ pe ògbufọ̀ kan lórí fóònù, ohùn rẹ̀ bíi ti ẹni tó ń jẹ gúgúrú:

"Bàbá, wọ́n ní kí ẹ má sún mọ́ iná fún ọgbọ̀n ọjọ́ o."

"Iná? Ṣé kí n má dáná ni?"

"Iná kankan, sà."

Láìtì ni dókítà pè, ìyẹn ìmọ́lẹ̀, pàápàá ti oòrùn. Ògbufọ̀ yín sọ ọ́ di iná, bí ẹni tó ń retí NEPA. Nọ́ọ̀sì bi Bàbá bóyá ó yé wọn. Wọ́n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Àgbà wo ló máa sọ fún ọmọdé tó ń wo aago pé kò yé òun? Ẹ kọ "ó yé e" sínú fáìlì.

Bàbá tó ń dín dòdò láràárọ̀ kò sún mọ́ sítóòfù mọ́. Búrẹ́dì tútù ni wọ́n ń jẹ. Wọ́n wá gbé àga síta nínú oṣù keje, pẹ̀lú sínglẹ́ẹ̀tì nìkan, wọ́n ń yá oòrùn.

"Oòrùn Ọlọ́run kì í ṣe iná," ni wọ́n wí.

Kò pẹ́, ojú wọn wú, apá wọn léròrò. A pè yín lórí fóònù. Orin lẹ fi dá wa lóhùn. Kòkòrò gba ojú egbò wọnú ẹ̀jẹ̀, ó parí.

Ẹ gbé ohùn ìpè ògbufọ̀ yẹn síta. Ẹ dárúkọ ẹni tó kọ "ó yé e". Ẹ kọ "oòrùn" sórí ìwé yín: lẹ́tà márùn-ún péré!

Bí ẹ bá ń wá Olóyè Abdulwaheed, ẹ ò ní rí i. Doyin ni mí, ọmọ-ọmọ Bàbá, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé jáde ní kíláàsì. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ògbufọ̀ yín sọ̀rọ̀. Iná lèmi náà ń pe láìtì. Nígbàkigbà tí Bàbá bá yà sí ilé ìdáná ni mò ń sín ògbufọ̀ yín jẹ: "Bàbá, ẹ má sún mọ́ iná o!" A máa rẹ́rìn-ín títí, wọn á sì padà síta, sínú oòrùn.

Mo ti sọ tèmi. Ó kàn yín.