Bí Bàbá Ọkọ Mi Ṣe Kọ́ Mi ní Káàdì Inú Ẹ̀rọ

Ìró tẹ̀sùbáà bàbá ọkọ mi ni ìró kan ṣoṣo tí mo máa ń gbọ́ nínú ilé lásìkò tí mo fẹ́ sọ yìí. Ìlẹ̀kẹ̀ kan á bọ́ sórí èkejì, yóò dákẹ́ díẹ̀, òmíràn á tún bọ́. Mowe là ń gbé, nínú ilé tí ọkọ mi kò tíì rẹ́, láàárín pápá tí wọ́n ti gé sí púlọ́ọ̀tì ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́lé sí. Kí èèyàn tó rí aládùúgbò tí yóò kí, ó máa rìn títí ẹsẹ̀ á fi dùn ún. Ọkọ mi ń wa tírélà lọ sí òkè Ọya. Bó bá lọ, ó lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dé, bó bá sì dé, oorun ló máa ń sùn. Mi ò tíì bímọ. Ará Ọ̀ṣun ni mí, mi ò ní ẹbí kankan nítòsí. Iṣẹ́ aṣọ rírán tí mo kọ́ ni mo fi sílẹ̀ nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá bàbá ọkọ mi wó ní Ifọ̀, tí wọ́n sì gbé e wá sọ́dọ̀ wa kí n máa tọ́jú rẹ̀.

Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ òsì ni àrùn náà mú. Dókítà ní kò mú ẹnu, pé baba lè sọ̀rọ̀ bó bá fẹ́. Kò kàn fẹ́ ni. Mo máa ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, á mi orí. Mo máa ń bi í bóyá ẹ̀kọ ni yóò mu tàbí yóò jẹ búrẹ́dì, á fi ọwọ́ ọ̀tún tọ́ka sí èyí tó wù ú. Ọkọ mi ní kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu, pé láti kékeré òun, bàbá òun kì í sọ̀rọ̀. Ìyá mi máa ń wí pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo rò pé baba ni òwe yẹn ń bá wí. Mi ò mọ̀ pé èmi náà ti ń dákẹ́.

Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta káàdì lórí fóònù. Kì í ṣe olówó, eré lásán ni. Fóònù á fún ọ ní káàdì márùn-ún. Wàá di èyí tó wù ọ́ mú, wàá ju èyí tó kù nù, yóò sì fi òmíràn rọ́pò wọn. Bí èyí tó wá bá bá ara wọn mu, o jẹ. Kò sí ẹni tí ò ń bá ta, ìwọ àti ẹ̀rọ náà ni. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn, torí kò sẹ́ni tí mo máa sú. Ọgbọ́n tèmi ni pé mo máa ń di káàdì tó ní àwòrán ayaba mú nígbà gbogbo, nítorí pé aṣọ ọrùn rẹ̀ dùn ún wò. Aránṣọ ni mí, ṣebí ẹ mọ̀. Mo máa ń pàdánù lójoojúmọ́, mo sì gbà pé bí eré náà ṣe rí nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun àílà, mo jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ mo ń ta á. Mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi, ohùn tó ti gbó bí ilẹ̀kùn tí wọn kì í ṣí.

"Ìyàwó, kí ló dé tí o tú méjì tó jọra ká?"

Ẹ̀rù bà mí tó bẹ́ẹ̀ tí fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. "Bàbá, kí lẹ wí?"

"Mo ní eéje méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ. O jù wọ́n nù, o wá di ayaba kan mú. Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, Bàbá."

"Ó hàn," ni baba wí.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ láàárín wa nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi pé òótẹ́ẹ̀lì ńlá kan l'Ékòó lòun ti ṣiṣẹ́, àti pé ẹ̀rọ káàdì tí àwọn onítẹ́tẹ́ ń ta lòun máa ń tún ṣe níbẹ̀. Àwọn ará Ifọ̀ gbà pé fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ló ń tún ṣe. Ọmọ álífáà ni. Kò lè wí pé ilé tẹ́tẹ́ lòun ti ń gba owó tí òun fi ń bọ́ ìyàwó àti ọmọ. Kò fi kọ́bọ̀ kan ta á rí, ṣùgbọ́n ojú máa ń tì í. Ó ní, "Bí mo bá ti lanu sọ̀rọ̀ iṣẹ́, irọ́ ni mo máa pa. Mo bá kúkú pa ẹnu mọ́." Ìyàwó rẹ̀ kú láìmọ̀. Ó ní kí n má sọ fún ọmọ òun. Mo ṣèlérí.

Ó wá ń kọ́ mi. Bí méjì bá jọra, má tú u ká nítorí káàdì ńlá kan ṣoṣo, bí wọ́n tilẹ̀ kéré. Bí o bá sì di méjì tó jọra mú, má tún fi ìkẹta tí kò bá wọn tan sílẹ̀ torí pé ojú rẹ̀ fani mọ́ra. Ńṣe ló ń dí ọ̀nà mọ́ èyí tó lè wá. Bí mẹ́rin bá ní àmì kan náà lára, di mẹ́rin náà mú, kí o máa retí ìkarùn-ún. Bí kò bá sí nǹkan kan rárá lọ́wọ́ rẹ, ju gbogbo márùn-ún nù, má káàánú. Àmọ́ kí èèyàn tó jókòó rárá, ó ní kó kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sójú ẹ̀rọ. Bí mẹ́ta bá jọra tí méjì tó kù náà jọra, èyí tí wọ́n ń pè ní fúùlù, ẹ̀rọ tó dára á san án ní ìlọ́po mẹ́sàn-án owó tí o fi ta á. Èyí tó bá ń san kéré sí i, olè ni. "Èyí tó dára náà, olè ni," ni baba wí, "àmọ́ ó ń fi pẹ̀lẹ́ jà ọ́ lólè."

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ àfi gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Láàárín oṣù méjì mo ti mọ̀ ọ́n ta lórí fóònù, orí mi sì wú. Mo gbọ́ pé ẹ̀rọ olówó wà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ibafo, létí títì márosẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo fún baba lóúnjẹ, mo ní mo ń lọ ra èlùbọ́, mo ti ilẹ̀kùn, mo wọ ọkọ̀. Mo ka ojú ẹ̀rọ náà gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ́ mi. Mẹ́fà ni wọ́n kọ síwájú fúùlù. Mo rí i kedere. Mo jókòó.

Nígbà tí mo padà dé, owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ náà ti lọ, baba sì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín yàrá. Ó fẹ́ lọ ṣàlùwàlá fún ìrun alásàárì, ó sì ṣubú. Ó ti tọ̀ sára. Mi ò mọ iye àkókò tó ti wà níbẹ̀. Mo gbé e jókòó, mo pọn omi, mo wẹ̀ ẹ́, mo pààrọ̀ aṣọ fún un, omijé sì ń bọ́ lójú mi. Nígbà tí mo ṣe tán, baba wo ọwọ́ mi tí kò mú èlùbọ́ kankan bọ̀, ó bi mí pé:

"Kí ló ń san fún fúùlù?"

"Mẹ́fà, Bàbá."

"O sì jókòó?"

"Mo jókòó, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Ó ní, "Àwọn tí mo máa ń rí nídìí ẹ̀rọ l'Ékòó nígbà náà, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n ta jù ọ́ lọ. Wọn kò lẹ́nì kan tó ń dúró dè wọ́n nílé ni. Ìwọ ní." Ó ní kí n gbé òun kọjú sí kíbúlà. Nígbà tí ọkọ mi dé, tó béèrè ohun tó bó bàbá rẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́, baba padà sí dídákẹ́ rẹ̀, ó sì fi bẹ́ẹ̀ bò mí láṣìírí.

Mo yọ eré náà kúrò lórí fóònù lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀rù bà mí pé ọ̀rọ̀ á tán láàárín wa, ṣùgbọ́n kò tán. Ó sọ bí òun ṣe rí ìyàwó òun fún mi, ó sọ nípa ọ̀gá òun tó máa ń sùn lórí ìdúró, ó sì máa ń fi ohùn ọ̀gá náà ṣe yẹ̀yẹ́ títí n ó fi di ìhà mú. Ó lò tó ọdún kan sí i kó tó kú. Ọjọ́ tí a ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ ní Ifọ̀, gbogbo ẹbí ń ròyìn rẹ̀ pé ọkùnrin tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ ni. Àbúrò rẹ̀ obìnrin fà mí mọ́ra, ó ní, "Ìyàwó, o kú ìrọ́jú. Kò rọrùn kéèyàn máa bá ẹni tí kì í fọhùn gbé." Mo ní, "Ẹ kú àánú mi."

Ilé ti yí wa ká ní Mowe báyìí. Mo ti bí ọmọ méjì, mo sì ti padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọkọ mi ti fi tírélà sílẹ̀. Ó máa ń jókòó sí iwájú ilé nírọ̀lẹ́, bó sì ṣe ń dàgbà ló ń ronú nípa bàbá rẹ̀ sí i. Ó máa ń bi mí pé kí ni èmi àti Bàbá máa ń ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo máa ń dáhùn pé a kàn máa ń jókòó ni. Ì bá wù mí kí n sọ fún un pé bàbá rẹ̀ láwàdà gan-an, àmọ́ á bi mí léèrè ohun tí àwàdà náà dá lé, n kò sì ní mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀ láìfọwọ́ kan ìlérí mi. Mo ń kọ ọ́ síbí torí pé mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bí mo bá ti dáhùn bẹ́ẹ̀, ọkọ mi á mi orí, á tún wo títì lọ. Èmi tí mi ò bá a tan ni mo mọ baba yẹn, ọmọ rẹ̀ gangan ló sì jókòó tì mí, tó ń béèrè rẹ̀.