Akọ Fáàfù Ìjàpá Ìyá Àgbà

Bàbá mẹkáníìkì mú òòfà tí wọ́n tú lára rédíò tó ti bàjẹ́, wọ́n gbé e sún mọ́ orí fáàfù tuntun náà. Irin náà ò mira. Wọ́n tún gbé e sún mọ́ ọn, òòfà ò fà á. Ẹnu yà mí, torí n kò rí irin tí òòfà kì í fà rí láyé mi.

"Akọ nìyí," ni bàbá náà wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Abẹ́ igi máńgòrò ní Lálúpọn ni ibi iṣẹ́ wọn wà, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí, débi pé òórùn gàrí àti òórùn òróró ọkọ̀ ti di ọ̀kan náà nímú mi. Níbẹ̀ ni Ìjàpá ìyá àgbà mi wà, ọkọ̀ kékeré ẹ̀yìn rìbìtì tí wọ́n ń wà lọ síléèwé nígbà tí wọ́n ń ṣe tíṣà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti bá àwọn tó ń ra àlòkù irin sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n wá gbé e lọ́jọ́ ọjà.

"Màámi, ọkọ̀ yìí ti kú," ni wọ́n wí fún ìyá àgbà.

"Tó bá dọjọ́ ọjà tí kò dún, kí wọ́n máa gbé e lọ," ni ìyá àgbà dáhùn. Ṣùgbọ́n mo rí i bí wọ́n ṣe ń fi ìdí ìró nu gíláàsì rẹ̀.

Bàbá náà yọ gbogbo fáàfù àtijọ́, wọ́n rì wọ́n mọ́ ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra nínú ẹ́ńjìnnì, bí ẹni gbin ẹ̀gẹ́. Àwọn tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé dúdú, wọ́n ṣì le. Àwọn tó ń tú èéfín jáde ti funfun bí eérú, iná sì ti jẹ wọ́n létí. Àwọn yìí la máa pààrọ̀.

"Ọmọ Tíṣà, akọ ni kó o rà o," ni wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ sí Ìbàdàn, wọ́n sì fi ayọ̀ dé pẹ̀lú àwọn fáàfù olórí ńlá. Ta ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Àkùkọ ló ń ga ju àgbébọ̀ lọ. Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ọkọ̀ mú.

"Abo lo rà! Abo lorí ẹ̀ ń tóbi, torí afẹ́fẹ́ ló ń gbà mọ́ra. Akọ kéré lórí, àmọ́ inú iná ló ń gbé. Ṣé o ò gbọ́ akọ òkúta rí ni?"

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi di ọ̀kan nínú àwọn tó ti jóná mọ́ áńkáṣíìfù, wọ́n tún padà sọ́jà. Èyí tí wọ́n rà bọ̀ ni bàbá náà wá ń fi òòfà wò, torí òòfà kì í fa irin akọ tó ń gbé inú iná. Wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, wọ́n di ojú, wọ́n sì fi èékánná wọ́ ọ láti ìdí dé orí, bóyá wọ́n gùn bákan náà, bóyá wọ́n nípọn bákan náà. "Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n," ni wọ́n wí.

Lọ́jọ́ ọjà, ọkọ̀ àwọn onírin ti dúró sójú títì kí bàbá náà tó di ẹ́ńjìnnì tán. Ìyá àgbà jókòó sípò awakọ̀, wọ́n di kọ́kọ́rọ́ mú. Bàbá ní, "Bísímílà." Ìjàpá wúkọ́, ó dákẹ́. Ó tún wúkọ́. Ni ó bá bú láti ẹ̀yìn, ilẹ̀ gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, omi sì bọ́ lójú ìyá àgbà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ bá àwọn onírin: "Ẹ má bínú, kò sókùú níbí mọ́."

"Bàbá, ẹ wọlé ká jọ lọ," ni ìyá àgbà wí.

Bàbá náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n bọ́ sálúbàtà wọn, wọ́n fi há abíyá, wọ́n sì fẹsẹ̀ lásán wọlé bí ẹni ń wọ mọ́sálásí.

Àwọn méjèèjì ti lọ sílé ìsinmi. N kò mọ iṣẹ́ mẹkáníìkì títí dòní. Ohun tó kù sí mi lára ni ìyàlẹ́nu ọjọ́ yẹn: pé ènìyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún nǹkan ṣe tán, kó sì tún bọ́ bàtà kó tó wọ inú rẹ̀.