Ìdáhùn Tí Mùjíbátù Fi Falẹ̀

Sùnmọ́nù, ọkọ Mùjíbátù, ló ń bá gbogbo abúlé kan lẹ́yìn Lálúpọn kọ ẹyìn. Ọ̀pẹ oko wọn lé ní igba, kò sì sí èyí tí Sùnmọ́nù kò mọ ẹni tó ni ín. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi í ṣọ́ ọ.

Lọ́dún tí ọ̀kadà kọ́kọ́ wọ abúlé náà ni igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ já mọ́ ọn lára lókè. Orí ló fi balẹ̀. Mùjíbátù fi gàrí sílẹ̀ lórí iná, ó sáré débẹ̀, ó tú irun rẹ̀ wò títí. Kò rí ojú ọgbẹ́.

“Alihamudulilai,” ni àwọn èèyàn wí. “Ẹ̀jẹ̀ ò jáde. Kò sí nǹkan kan.”

Sùnmọ́nù bì lẹ́ẹ̀mejì, ó sì sùn láti ọ̀sán di ọjọ́ kejì. Mùjíbátù fi aṣọ bò ó, ó ń lé àwọn ọmọ tó ń pariwo. Ó rò pé òun ń tọ́jú ọkọ òun ni.

Nígbà tí ara yá, Sùnmọ́nù padà sórí ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ kò bá a padà. Ó ń gbàgbé orúkọ ọmọ. Ewúrẹ́ ké, ó sọ ọ́ lókò. Ọbẹ̀ gbóná, ó di ìjà.

“Bàbá Muhsinah,” ni Mùjíbátù wí, “bó bá jẹ́ ìyàwó kékeré lẹ fẹ́ fẹ́, ẹ fẹ́ ẹ. Ẹ yé wá ẹ̀sùn sí mi lẹ́sẹ̀.”

Lọ́jọ́ kan, Sùnmọ́nù kọ ìdì ẹyìn mẹ́rin lórí ọ̀pẹ Bàbá Ọládòṣù, ó rù ú gba àárín abúlé wá sílé, ó ń kí gbogbo ẹni tó pàdé. Nírọ̀lẹ́, wọ́n pè é síwájú mọ́ṣáláṣí.

“Sùnmọ́nù, ìwọ tí n kì í ṣọ́?” ni Bàbá Ọládòṣù wí.

“Ọ̀pẹ yín kọ́, Bàbá. Tiwa ni.”

Ọláníran tó ń ta kẹrosíìnì bú sẹ́rìn-ín. “Bó bá pẹ́ díẹ̀, á ní ìyàwó mi náà, tòun ni.”

Sùnmọ́nù yíjú sí aya rẹ̀. “Mùjí, ṣé mo jalè?”

Mùjíbátù mọ̀ pé ọkọ òun kì í mú abẹ́rẹ́ ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n ojú tì í. Ó fi etí gèlè nu ojú, kò wí nǹkan kan. Wọ́n gba igbà lọ́wọ́ Sùnmọ́nù.

Ọdún méjì kọjá kí orí tó ń fọ́ Sùnmọ́nù tó gbé wọn dé ilé ìtọ́jú ní Lálúpọn.

“Ìyá, ṣé wọ́n ti fi orí gbá nǹkan rí?” ni nọ́ọ̀sì béèrè.

“Wọ́n já bọ́ lórí ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ò jáde.”

Nọ́ọ̀sì bi í léèrè títí ó fi gbọ́ ti èébì, ti oorun, ti ìgbàgbé àti ti ìbínú. “Ọpọlọ lè ṣèṣe nínú kí awọ orí má bó rárá. Bí wọ́n ṣe ń bì, tí oorun ń gbé wọn lọ, ọjọ́ náà gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ gbé wọn wá. Ìbínú yẹn, ìgbàgbé yẹn, àìsàn ni. Wọn ò mọ̀ọ́mọ̀.”

Bí Mùjíbátù ṣe bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, ilé Bàbá Ọládòṣù ló gbà lọ. Ó kúnlẹ̀, ó ro gbogbo rẹ̀.

“Mo gbọ́, ọmọ mi,” ni Bàbá Ọládòṣù wí. “Àmọ́ ojú rẹ ni gbogbo wa wò lọ́jọ́ yẹn.”

Wọ́n dá igbà náà padà fún Sùnmọ́nù. Ó so ó kọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò tún gun ọ̀pẹ kankan mọ́ láé. Bí Sùnmọ́nù bá ti rí i níbẹ̀, á ní, “Mùjí, ṣé mo jalè?”

“Ẹ ò jalè.”

Á rẹ́rìn-ín, á gbàgbé, á tún béèrè. Mùjíbátù máa ń gbé ohùn sókè kí àwọn ará ilé kejì lè gbọ́. Ṣùgbọ́n Ọláníran tó bú sẹ́rìn-ín ti kó lọ sí àdúgbò Adégbayì, ó sì ti ròyìn Sùnmọ́nù olè débẹ̀.