Sikudiráfà Bàbá Mi

Gbogbo ilé wa ní Ìgandò ló mọ̀ pé etí bàbá mi ti ń di, àfi òun nìkan. Bí a bá pè é lẹ́ẹ̀mẹta tí kò dáhùn, tí a wá pariwo, á ní, "Kí lẹ ń pariwo lé mi lórí fún? Mo ti gbọ́ ti àkọ́kọ́." Irọ́ ni o. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n olóríkunkun pátápátá ni.

Píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan ló fi ń kó bílọ́ọ̀kù fún àwọn tó ń kọ́lé, títí dé Àgbàdo, òun la sì ń jẹ. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú, ó ní òun ò fẹ́ ẹ́ńjìnnì lásán mọ́. Irú èyí tí àwọn mẹkáníìkì máa ń tún ṣe ló fẹ́, tí wọ́n á yọ kránkì inú rẹ̀, tí wọ́n á fi òmíràn sí i tó máa jẹ́ kí písítìnì rìn jìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ọkọ̀ lè fa ẹrù gun òkè. Ìyá mi bi í pé ṣé irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ máa ń pẹ́. Ó ní, "Ẹni tó bá létí á mọ èyí tó máa pẹ́." Ìyá mi wò mí, mo wolẹ̀.

Èmi àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ló mú dání lọ sí Ìkọ̀tún, sí ọgbà ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta ẹ́ńjìnnì. Méjì nínú irú tí à ń wá ló wà nílẹ̀, wọ́n gbé wọn lé orí táyà. Wọ́n ti kun ọ̀kan, ó ń dán, èkejì dọ̀tí.

"Alájì, ọwọ́ kan náà ló ṣe méjèèjì jàre," ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí. "Ẹ mú èyí tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n tó bá ti jáde ní géètì, kò sí dá-a-padà o."

Ó so bátìrì mọ́ èyí tó ń dán, ó ṣáná sí i. Bàbá mi ṣe bísímílà, ó fa sikudiráfà gígùn kan yọ lápò. Àwọn awakọ̀ àtijọ́ a máa fi ẹnu irin náà kan ẹ́ńjìnnì, wọ́n á fi ìdí rẹ̀ ti etí, wọ́n á sì gbọ́ ohun tó ń lọ nínú. Ó dijú, ó ń mi orí. Mo gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́ níbi tí mo dúró sí, láìfi irin kankan sétí.

"Ó dáa," ni bàbá mi wí. "Ó dáa gan-an."

Tí mo bá dákẹ́, a gbé wàhálà lọ sílé nìyẹn, ọkọ̀ tó ń bọ́ wa á tún kú. Tí mo bá sì sọ̀rọ̀, mo ti dójú ti bàbá mi níwájú ẹni tó lè bí lọ́mọ. Mo gbóhùn sókè, mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbọ́ èkejì náà."

Nígbà tí ìyẹn gbiná, ó tún fi sikudiráfà sétí, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò dijú. Ojú mi ló tẹjú mọ́. Ẹ́ńjìnnì náà ń dún geere, kò sí kọ́-kọ́ kankan nínú rẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi.

Ó yọ irin létí. "Èyí tó dọ̀tí yìí la ó gbé. Tọ̀hún ń kan nínú, lọ tún un wò."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tẹríba, ó ní etí àgbà yàtọ̀. Mo gbé ẹ̀rín mì.

Ọjọ́ tí wọ́n fi í sínú píkọ́ọ̀pù tán, bàbá mi jókòó sídìí ọkọ̀, ó ṣáná, ó sì ń wo èmi tí mo dúró níwájú. Mo mi orí sí i pé ó dáa. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi sikudiráfà náà lé mi lọ́wọ́.

"Máa mú un lọ́wọ́," ó ní. "Ó ti tó ọdún méjì tí mi ò ti gbọ́ nǹkan kan nínú ẹ̀. Má sọ fún ìyá ẹ o."