Bándérọ́ọ̀lù Sakété ní Ìkóríta Pobẹ̀

Bí o bá gba ọ̀nà Sakété wọ Pobẹ̀ lásìkò tí wọ́n bá ń fún epo, òórùn rẹ̀ á ti pàdé rẹ kí o tó rí ilé kan ṣoṣo. Òórùn ẹyìn sísè ni, ó wúwo, ó sì dùn díẹ̀, á lẹ̀ mọ́ aṣọ rẹ títí wàá fi padà délé. Òun ló gba imú mi lọ́jọ́ tí èmi àti ẹ̀gbọ́n ìyá mi gun sémìjàn, alùpùpù tí àwọn ará òdìkejì ibodè ń pè ní ọ̀kadà, lọ sí mẹrí, ilé iṣẹ́ ìjọba ìlú Pobẹ̀. Àṣẹ la fẹ́ lọ tọrọ níbẹ̀, pé kí wọ́n jẹ́ ká gbé bándérọ́ọ̀lù, aṣọ ìpolówó, kọ́ sí ìkóríta wọn fún ìgbà díẹ̀. Mo ṣì kéré nígbà náà, mo rò pé bí ènìyàn bá ti gbọ́ Faransé, kò sí ilẹ̀kùn tí kò ní ṣí fún un.

Ìyá Aláṣọ ni gbogbo ọjà ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Òun ló tọ́ mi dàgbà, ìsọ̀ rẹ̀ ni mo sì ti kọ́ bí a ṣe ń fi ìka mọ àǹkárá gidi yàtọ̀ sí ayédèrú. Òun náà ni olórí òpópónà wa, òpópónà kan tó wà lẹ́yìn ọjà Sakété, níbi tí aláṣọ, aláwo àti oníbàtà ti ń jókòó láti ayé ìyá ìyá wa. Nígbà kan rí, bí o bá dé ibẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, èjìká ni wàá fi lànà kọjá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún títì ńlá ṣe, tí àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí pàtẹ sẹ́bàá rẹ̀, oníbàárà kì í wọ inú mọ́. Ẹni tó bá ti rí ohun tó fẹ́ lórí títì, kí ló tún ń wá lọ sẹ́yìn? Ó dé ibi tó jẹ́ pé eṣinṣin nìkan ló ń bá wa ná ọjà. Àwọn ìsọ̀ kan ti ti ilẹ̀kùn pa, aláwo tó múlé tì wá sì ti ń sọ pé Kútọnu lòun ń lọ. Mo máa ń rí Ìyá Aláṣọ tó ń wo àwọn ilẹ̀kùn títì yẹn bí ẹni ń wo eyín ẹnu ara rẹ̀ tó ń ká.

Òun ló mú àbá ìpàtẹ ńlá wá. Ó ní kí gbogbo ìsọ̀ kó ọjà wọn síta lọ́jọ́ kan náà, ká dín owó kù, ká gbá òpópónà mọ́, ká sì pe ayé wá wò ó pé a ò tíì kú. Mẹrí Sakété fọwọ́ sí i kíákíá, ọmọ ìlú wọn ni wá. Àmọ́ ará Sakété ti mọ̀ wá, wọ́n mọ̀ wá débi pé wọn kì í wò wá mọ́. Ará Pobẹ̀, ará Igana àti àwọn tó ń ti oko bọ̀ la nílò. Ọ̀nà tí a sì lè fi pè wọ́n ni kí a ta aṣọ ìpolówó gbàgàdà kan kọjá ojú títì ní ìkóríta Pobẹ̀, lẹ́nu ọjà, níbi tí kò sí ẹni tí kì í gbà kọjá. Ayàwòrán wa ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára rọ́bà funfun tó nípọn: Ẹ WÁ SÍ ÌPÀTẸ SAKÉTÉ. Faransé wà lábẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà kéékèèké, nítorí àwọn alákọ̀wé.

Èmi ni mo fẹ́ ṣe ẹnu fún Ìyá Aláṣọ lọ́jọ́ náà. Ó ti sọ fún mi pé kíkí nìkan lòun máa kí wọn, kí n ṣe ìyókù. Mo ṣàkíyèsí pé láti ìgbà tí a ti wọ Pobẹ̀ ló ti fa gèlè rẹ̀ wálẹ̀ títí dé ìpéǹpéjú. Mo rò pé nítorí eruku ni.

Akọ̀wé tó gbà wá lálejò jẹ́ ọkùnrin kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Ó ka ìwé ìbéèrè wa, ó bi wá bí aṣọ náà ṣe gùn tó, òpó tí a máa so okùn rẹ̀ mọ́, àti bí ọkọ̀ akẹ́rù ṣe máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láì fà á ya. Mo fi Faransé tó dán dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, inú mi sì ti ń dùn sí ara mi. Ó wá gbé bírò sílẹ̀, ó kọjú sí Ìyá Aláṣọ, ó sì yí èdè padà sí tiwa.

"Màmá, ẹ fẹ́ wá kó oníbàárà wa lọ, ẹ sì fẹ́ kí èmi lu ònǹtẹ̀ sí i?" Ó tún rẹ́rìn-ín. "Mẹrí ló ni títì, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹnu ọjà ni ìkóríta yẹn. Ṣé ẹ ti kí Ìyálọ́jà?"

Èmi ni mo yára dáhùn pé mẹrí la gbọ́ pé ó ń fúnni ní àṣẹ.

"Mẹrí ló ni òpó, àbúrò mi. Ẹ lọ kí wọn. Bí wọ́n bá ní kò burú, lónìí olónìí ni màá fún yín ní òtọrisásíọ̀n, ìwé àṣẹ yín."

Mo wo Ìyá Aláṣọ. Obìnrin tó ti ń jókòó lọ́jà láti kékeré kò lè ṣàì mọ̀ pé ọlọ́jà là ń kọ́kọ́ kí kí a tó pe ẹnikẹ́ni jáde nínú ọjà rẹ̀. Ọmọ tó ń kiri ẹ̀pà gan-an mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀. Ó mọ̀ọ́mọ̀ gba ẹ̀yìnkùlé ni.

Ní ìta, lábẹ́ igi máńgòrò tí àwọn onísémìjàn ń sinmi sí, ó jókòó sórí gbòǹgbò kan, ó ní ká máa lọ sílé. Mo ní ilé báwo? Mo ní kí ló dé? Ó tún fa gèlè rẹ̀ wálẹ̀.

"Ilé kan náà ni èmi àti Ìyálọ́jà wọn ti ṣe ìyàwó."

Mi ò mọ̀ pé ó gbé Pobẹ̀ rí. Abẹ́ igi yẹn ló ti sọ ọ́ fún mi, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀, bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ti kú, òun náà kì í ṣe ọmọdé mọ́, kó tó fẹ́ ọkùnrin kan ní Pobẹ̀. Ó bá ìyàwó kan nílé. Ìyàwó yẹn kéré sí i púpọ̀ lọ́jọ́ orí, ó kéré débi pé Ìyá Aláṣọ ì bá ti pọ̀n ọ́n rí, ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ wọlé ọkọ. O sì mọ bí tiwa ṣe rí: ọjọ́ tí o wọlé là ń kà, a kì í ka ọjọ́ tí wọ́n bí ọ. Ọmọbìnrin yẹn ni ìyáálé, Ìyá Aláṣọ sì ni ìyàwó. Àràárọ̀ ló ń kúnlẹ̀ kí i. Ó ní ó ti mọ́ òun lára, àfi lọ́jọ́ tí ìyá mi wá kí i láti ilé, tó bá a lórí ìkúnlẹ̀, tó sì bú sẹ́rìn-ín pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta lẹ ń kúnlẹ̀ fún yìí, ṣé ọmọ yín kọ́?" Ìyá mi ò mọ ohun tí ẹnu rẹ̀ dá sílẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Aláṣọ gbé korobá, ó gba ẹ̀gbẹ́ ìyáálé rẹ̀ kọjá, kò kí i. Ìyẹn kàn dúró, ó ń wò ó lọ. Kí oòrùn tó wọ̀, Ìyá Aláṣọ ti di ẹrù rẹ̀, ó ti kọrí sí Sakété. Nígbà tí ọkọ yẹn náà kú, kò lọ síbi òkú.

"Ṣé ó máa ń bú yín ni?" mo bi í.

"Kò bú mi rí. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn." Ó fi etí gèlè nu ojú. "Bí mo bá wá kúnlẹ̀ fún un báyìí níṣojú gbogbo ọjà, tó sì yíjú kúrò ńkọ́?"

A jókòó síbẹ̀, a ń wo àwọn onísémìjàn tó ń ṣe àwàdà láàárín ara wọn. Nígbà tó yá, ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. "Aláwo ní Kútọnu lòun ń lọ," ó ní, bí ẹni pé mo ti béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sì mú ọ̀nà ọjà pọ̀n.

Ìyálọ́jà Pobẹ̀ jókòó sáàárín àpò ẹ̀wà àti àgbàdo, lábẹ́ àtíbàbà kan tí oòrùn ti dá lu. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó ń fẹ́ ẹ̀wà nínú àtẹ. Ó gbójú sókè, ó rí wa, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Mi ò mọ bí àwọn obìnrin yòókù ṣe gbọ́ òórùn ọ̀rọ̀ náà nínú afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ariwo ibẹ̀ rọ̀ wọlẹ̀. Ìyá Aláṣọ gbé báàgì rẹ̀ fún mi, ó lọ síwájú, ó sì fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ lórí èèpo àgbàdo.

"Ẹ káàárọ̀ o, ìyáálé mi."

Ọ̀sán gangan ni. Aláta kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa rẹ́rìn-ín, ó sì tètè gbé e mì. Ìyálọ́jà ò rẹ́rìn-ín, kò sì ní kó dìde. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ ẹ̀wà rẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi kí n fa Ìyá Aláṣọ dìde, kí n sì fi Faransé sọ ohun tí n bá sọ, kí bándérọ́ọ̀lù lọ síbi tó bá ń lọ.

"Ìyàwó," ó sọ níkẹyìn, "oorun àárọ̀ ọjọ́ yẹn mà pọ̀ o."

"Ó pọ̀. Ẹ má bínú."

"Ṣé dáadáa lo jí?"

"Dáadáa ni. Ẹ̀yin náà ńkọ́, ṣé ara le?"

"A dúpẹ́. Ọkọ wa lọ, a ò rí ọ."

"Mo gbọ́. Ojú ló ń tì mí."

Ìyálọ́jà mi orí. Ó gbé àtẹ sílẹ̀. "Ó dáa. Mo ti gbà á. Dìde."

Bí Ìyá Aláṣọ ti dìde báyìí, tó ń gbọn èèpo kúrò lórúnkún, obìnrin yẹn yí àwọn àpò rẹ̀ po, ó jáde síwájú, òun náà sì kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ síbi tí orúnkún ẹnìkejì rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò.

"Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú ọ̀nà."

Ìyá Aláṣọ ń pariwo pé rárá, kó dìde, kó jọ̀ọ́. Kò dìde. Ó ní, "Láti ọjọ́ tí ẹ ti wọlé ni mo ti fẹ́ kí yín bí àgbà. Ilé yẹn ni kò fún mi láyè." Mi ò tíì rí i kí Ìyá Aláṣọ sunkún rí títí di ọjọ́ yẹn, kódà nígbà tí ìyá mi kú kò sun ún níṣojú mi. Ó sun ún nínú ọjà Pobẹ̀, láàárín àpò ẹ̀wà, gèlè rẹ̀ sì ti ṣí kúrò lójú.

Ìyálọ́jà fúnra rẹ̀ ló ṣíwájú wa padà sí mẹrí. Akọ̀wé dìde nígbà tó rí i. Ìyálọ́jà ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ló ni aṣọ náà. Lu ònǹtẹ̀ sí i." Ó kàn tún sọ fún wa pé kí àwọn obìnrin tòun náà rí àyè pàtẹ sí Sakété lọ́jọ́ náà, nítorí ọlọ́jà lọlọ́jà ń jẹ́. Akọ̀wé kìlọ̀ pé fún ìgbà díẹ̀ ni o, bí ìpàtẹ bá ti parí, kí a wá tú u kúrò lójú títì. Kò bi mí ní Faransé kankan mọ́.

Àwọn èèyàn wá. Mi ò ní purọ́ pé òpópónà wa padà sí bó ṣe wà láyé ìyá ìyá wa, àmọ́ wọ́n wá, láti Pobẹ̀, láti Igana, láti Ìta Ìjẹ̀bú, àwọn mìíràn sì tún padà wá lẹ́yìn náà. Aláwo ò lọ sí Kútọnu. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, wọ́n rán mi lọ tú bándérọ́ọ̀lù. Mo dé ìkóríta, mo bá òpó lásán. Mo lọ bi Ìyálọ́jà, mo sì bá a tó jókòó lábẹ́ rẹ̀: ó ti na án bo àtíbàbà rẹ̀ tó lu, lẹ́tà pupa wa dojú kọ ọ̀run. "Wọ́n ní kí ẹ mú un kúrò lójú títì," ó ní. "Mo ti bá yín mú un kúrò." Láti ìgbà náà, bí Ìyá Aláṣọ bá ní nǹkan tó fẹ́ rà ní Pobẹ̀, tàbí tí kò tilẹ̀ ní, abẹ́ àtíbàbà yẹn ló ti máa ń sun oorun ọ̀sán.

Ọyẹ́ ọdún tó kọjá ló gbé Ìyá Aláṣọ lọ. Èmi ni mo gun sémìjàn lọ sọ fún Ìyálọ́jà, mi ò fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Òórùn epo yẹn náà tún pàdé mi lọ́nà. Oòrùn àti òjò ti jẹ bándérọ́ọ̀lù wa, Faransé ti pa rẹ́, orúkọ ìlú wa náà ti ń lọ, ṣùgbọ́n "Ẹ WÁ" ṣì wà níbẹ̀, ó hàn kedere. Mo sọ ohun tí mo bá wá. Kò ké. Ó bi mí pé ìgbà wo ni. Mo ní ní ìdájí, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ó dìde, ó jáde síta àtíbàbà, ó kọjú síbi tí Sakété wà, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní.

Ọ̀sán ti pọ́n. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Èmi ni olórí òpópónà báyìí, mo sì máa ń lọ sí ọ́fíìsì oríṣiríṣi, ìwé àti Faransé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni, mo máa ń kọ́kọ́ dúró bi ara mi bóyá mo jẹ ẹni tó wà nínú ilé náà ní gbèsè ìkíni kan, nítorí mo ti rí i pé kò sí àkókò tó pẹ́ jù fún ẹ káàárọ̀.