Ìyá Ìjọ Wa ní Bangkok

Títí di òní, bí mo bá rí obìnrin tó ń tún gèlè ṣe, ìyá ìjọ wa ní Dagenham, ní London, ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Èmi ni mo bá wọn lọ sí Bangkok, níbi tí ọmọ wọn kan ṣoṣo ń gbé. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí ara wọn. Òtẹ́ẹ̀lì olówó pọ́ọ́kú la dé sí, níbi tí ariwo ọ̀kadà ò ti jẹ́ ká gbọ́ ara wa. Ọmọ náà ní òun máa wá bá wa níbẹ̀. Láràárọ̀ ni ìyá máa ń jókòó sísàlẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí, wọ́n á tún gèlè ṣe, wọ́n á dìde.

"Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló dá a dúró," ni wọ́n máa ń sọ.

Lọ́jọ́ tá a máa padà, mo pe ọmọ náà lórí fóònù.

"Sister, ẹ bá mi bẹ Mummy. Mi ò lè wá. I just can't."

Nígbà tí mo jíṣẹ́ fún wọn, wọn ò sunkún. Wọ́n kàn bi mí pé, "Ṣé ohùn ẹ̀ dá ṣáká?"

Ní Sunday, àwọn ará ìjọ yí wọn ká: "Mummy, ọmọ yín ńkọ́?"

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ó ti sanra díẹ̀. Ó ní kí n kí gbogbo yín."