Èéfín Lára Labalábá

Akínlẹ́yẹ ń tún àwọ̀n ṣe létí ọ̀sà, ní Ìlàjẹ, Bàrígà. Ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní àádọ́ta ọdún. Kò láya mọ́. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Sabina tó ń yan ẹja, ló ń gbé. Bí iṣẹ́ bá ti dilẹ̀, labalábá ló máa ń wò.

Ọ̀kan ní pàtó. Kékeré, aláwọ̀ ilẹ̀, orí rẹ̀ tóbi. Ìwo orí rẹ̀ tẹ̀ lẹ́nu bí ìwọ̀ ẹja. Kì í rọra fò bíi ti àwọn yòókù. Ṣe ló ń ta pọ́ún láti ewé dé ewé. Kí ojú tó bá a, ó ti lọ. Inú koríko ẹsẹ̀ omi nìkan ló wà, àwọn tó ń da yanrìn sọ́sà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀. Akínlẹ́yẹ fẹ́ mọ orúkọ rẹ̀ kí wọ́n tó bò ó mọ́lẹ̀. Ìyẹn nìkan.

Àwọn apẹja ń bi í bóyá ó dùn ju edé lọ.

Dókítà Morọ́láyọ̀, olùkọ́ yunifásítì ní Akoka tó ń kọ́ nípa kòkòrò, wo fọ́tò tí Akínlẹ́yẹ fi fóònù yà. Òjìji lásán ló rí. Ó ní oríṣi méjì ló jọra báyẹn. Àmì funfun abẹ́ ìyẹ́ ẹ̀yìn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Kí bàbá mú ọ̀kan wá.

Ọ̀pọ̀ àárọ̀ òfo. Nígbẹ̀yìn, ó fi àjákù nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn mú un. Ó tẹ́ ẹ sínú agolo mílíìkì, ó gbé e sójú fèrèsé, ó gba orí omi lọ.

Èèrà rí i. Sabina rí èèrà. Nílé wọn, ohun téèyàn ò bá fẹ́ kó bàjẹ́, orí èéfín ló ń gbé e sí. Ó gbé labalábá sórí wáyà, láàárín àwọn ẹja tó ń yan.

Nígbà tí Akínlẹ́yẹ dé, ìyẹ́ náà ti dúdú, ọ̀rá ẹja ń dán lára rẹ̀. Àmì kankan ò sí.

“Èèrà ì bá ti kó o tán,” ni Sabina wí. “Mo bá ọ tọ́jú ẹ̀ ni.”

“Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ó fi bébà wé e, ó gbé e lọ sí Akoka.

Dókítà yí i síwá sẹ́yìn lábẹ́ gíláàsì. “Ẹ má bínú, bàbá. Ó lè jẹ́ èyí, ó lè jẹ́ ìkejì. Mi ò lè parọ́ fún yín. Ẹ bá mi wá òmíràn.”

Ó padà sẹ́sẹ̀ omi. Páìpù tó ń tú yanrìn ti dé. Yanrìn funfun, tútù, ó ti bo koríko mọ́lẹ̀ pátápátá. Akínlẹ́yẹ dúró títí oòrùn fi kan àtàrí. Nǹkan kan ò ta pọ́ún. Bóyá èyí tó mú yẹn ló ṣẹ́kù. Ọwọ́ òun náà ló pa á.

Òṣìṣẹ́ kan pariwo pé kí bàbá kúrò lọ́nà páìpù, kí ló ń wá gan-an.

Akínlẹ́yẹ la ẹnu. Kò mọ orúkọ tí yóò pè é.